Jethro, Ẹni Tó Ń Fi Àpò Kòkó Wọn Ẹ́ńjìnnì

Ẹ̀dá kan wà tó jẹ́ pé bí o bá kí i pé "ẹ káàárọ̀," yóò kọ́kọ́ wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ kó tó pinnu bóyá ilẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Jethro Májẹ́kódùnmí, oníṣẹ́ gíà tí gáréèjì rẹ̀ wà lẹ́yìn Arákálẹ̀ nílùú Àkúrẹ́. Kò sí ẹni tí kò lè yọ ṣùtì sí. Ó yọ ọ́ sí àwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ rẹ̀, ó yọ ọ́ sí àwọn oníbàárà tó ń bọ́ ọ, ó tilẹ̀ yọ ọ́ sí pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ tó ń yí gíà fúnra rẹ̀, tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, ni pásítọ̀ ń wà. "Ọkùnrin tí kò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì," Jethro á wí, "ọkàn ta ló fẹ́ darí?"

Ìpógun ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ gbin kòkó, ó sì fẹ́ kí ọmọ òun náà gbin kòkó, ṣùgbọ́n Jethro ní òun kò lè máa bá igi sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló wọ Àkúrẹ́ wá kọ́ṣẹ́ gíà. Ọdún méje ló fi sin ọ̀gá rẹ̀, kò sì sí ọjọ́ kan nínú ọdún méje náà tí kò rò ó lọ́kàn pé òun mọṣẹ́ ju ọ̀gá lọ. Nígbà tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára ìpínlẹ̀ Oǹdó wa, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ ará Èkìtì palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ lọ sí Adó, àwọn ará Ọ̀wọ̀, ará Ìkàrẹ́ àti ará Òkìtìpupa rọ́ wọlé láti gba àga wọn. Àwọn ló sọ Jethro di olówó, torí gbogbo wọn ló ní ọkọ̀ àlòkù, gbogbo ọkọ̀ náà ló sì ní gíà tó ń ráhùn. Ṣé ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn? Ó ní gíà àwọn tó lọ sàn ju ti àwọn tó dé.

Kí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa gíà má baà sọnù, bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí, gíà ló ń gba yíyí náà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń gbé e fún táyà. Bí agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń lọ́ ọ bá ju ohun tí gíà lè gbà lọ, eyín inú gíà yóò ká dànù. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ yan gíábọ́ọ̀sì fún ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí agbára ìlọ́ ẹ́ńjìnnì náà ti pọ̀ tó. Inú ìwé tó bá ẹ́ńjìnnì wá láti òkè òkun ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n ta ló bá ìwé lára tòkunbọ̀ rí? Jethro ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ wá ìwé. Òkè kan wà lójú ọ̀nà Ìjàrẹ́ tó ga déédéé láti ìdí afárá kékeré kan títí dé orí. Ibẹ̀ ló ń gbé ọkọ̀ lọ. Yóò di àpò kòkó gbígbẹ sẹ́yìn rẹ̀, yóò ní kí awakọ̀ ki í sí gíà kẹta ní ìsàlẹ̀, kó máa rọra fà á gòkè, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, láìtẹ̀ ẹ́ jù. Bó bá dé orí òkè, yóò fi àpò kan kún un, wọn á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Iye àpò tó gbé kẹ́yìn kí ẹ́ńjìnnì tó kú, iye rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó yá, gbogbo Àkúrẹ́ ń fi àpò sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Bí o bá ra ọkọ̀ tuntun, wọn kò ní bi ọ́ pé ọdún wo ni wọ́n ṣe é. "Àpò mélòó ni?" ni wọn á bi ọ́.

Ọgbọ́n gidi ni, kí a má purọ́. Ogún ọdún ni Jethro fi òkè yẹn yan gíábọ́ọ̀sì, kò sì ṣì í. Àbùkù ibẹ̀ ni pé èèyàn lè gbọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé, kó wá fi ọgbọ́n kan náà jẹun títí dọjọ́ ogbó. Jethro di alága àwọn oníṣẹ́ gíà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòfin. Òfin tó fẹ́ràn jù ni òfin ìdúró. Bí oníṣẹ́ gíà bá ki gíábọ́ọ̀sì bọ ọkọ̀, yóò sọ níwájú ẹlẹ́rìí pé, "Mo dúró fún un." Bí gíà náà bá fọ́ kí àkókò ìkórè kòkó ọdún náà tó parí, tí kì í sì ṣe ẹ̀bi awakọ̀, ẹni tó dúró fún un yóò gbé gíà tó fọ́ náà lọ́wọ́ méjèèjì, yóò sì fi ẹsẹ̀ rìn láti oríta Arákálẹ̀ dé gáréèjì, lójú ọ̀sán gangan, kí gbogbo ayé lè rí i. Èèyàn mẹ́ta ló ti rin ìrìn náà. Adépọ̀jù tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí ti Jethro wà nínú wọn. Ọjọ́ tí Adépọ̀jù rìn, Jethro ra ẹ̀pà, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ ẹ́, ó ń tu èèpo rẹ̀ sílẹ̀. Látọjọ́ náà ni Jethro kò ti pè é lórúkọ mọ́. "Onírìn" ló ń pè é.

Irú èèyàn tí Agnes Akínbọ̀wálé gbé ọkọ̀ rẹ̀ tọ̀ wá nìyẹn.

Obìnrin tó ń ra kòkó nílùú Oǹdó ni Agnes, Ìyá Kòkó ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo ló ní, òun ló fi ń kó kòkó láti oko Ìjàrẹ́ àti Ìpógun lọ sí Oǹdó. Ẹ̀mí òwò rẹ̀ wà lórí ọkọ̀ náà, torí àgbẹ̀ tí kòkó rẹ̀ ti gbẹ kì í dúró de oníbàárà. Bí o kò bá dé lónìí, ẹlòmíràn á dé lọ́la, ọdún tó ń bọ̀ kò sì ní rántí rẹ mọ́. Àwọn òkè ibẹ̀ ti ń dá ọkọ̀ náà lágara, ló bá gbé e fún ọkùnrin kan ní Oǹdó tó lẹ tọ́bò mọ́ ẹ́ńjìnnì dísù rẹ̀. Ohun róbótó kan bí ìgbín ni tọ́bò yìí. Èéfín tó ń jáde lẹ́nu ẹ́ńjìnnì ló ń yí i, òun náà á wá máa ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì tipátipá, kí epo lè jó dáadáa. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fò bí ẹyẹ. Kò pé oṣù kan tí gíà àtijọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kérora.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án ni Bísọ́dún, awakọ̀ Agnes, wa ọkọ̀ náà dé Àkúrẹ́, Agnes jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Bàbá Alága," Agnes wí, "gíà tó máa gbé mi dópin ìkórè ni mo fẹ́. Tí ọkọ̀ yìí bá dùbúlẹ̀ lóṣù kọkànlá, mo ti kúrò nínú òwò nìyẹn. Ẹ má tàn mí."

"Ìyá Kòkó, èmi ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀," Jethro dá a lóhùn. "Uṣẹ́ tí mo ti ń ṣe kí wọ́n tó bí ẹni tó lẹ ìgbín yẹn mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ a lọ sórí òkè."

Gíábọ́ọ̀sì méjì péré ló lè wọ ọkọ̀ náà ní gbogbo Àkúrẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù Jethro, eléyín tẹ́ẹ́rẹ́, tó rọrùn láti kì bọ ibi tí ti àtijọ́ wà. Jethro mọ̀ ọ́n dáadáa, kò lè gbà ju ẹ́ńjìnnì àpò ogójì lọ. Ìkejì jẹ́ eléyín gbòòrò, wọ́n tú u lára ọkọ̀ tó tóbi ju ti Agnes lọ, ó wúwo, a sì ní láti gé irin abẹ́ ọkọ̀ kó tó lè wọlé. Ọwọ́ Adépọ̀jù nìyẹn wà. Kí Jethro lọ dúró níwájú Onírìn, kó ní "jọ̀ọ́, fún mi ní gíábọ́ọ̀sì"? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

Wọ́n dé ìdí òkè. Kí tọ́bò tó dé, Jethro ti wọn ẹ́ńjìnnì yìí rí, ó sì gbé ọgbọ̀n àpò. Ní báyìí, wọ́n fi ọgbọ̀n bẹ̀rẹ̀, ó gòkè. Wọ́n fi ọ̀kan kún un, ó gòkè. Nígbà tó di márùn-úndínlógójì, ẹ́ńjìnnì gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ó kú fin-ín-fin-ín. Àpò mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nìyẹn. Jethro bú sẹ́rìn-ín.

"Gbogbo ariwo tọ́bò, àpò mẹ́rin!" Ó na ìka mẹ́rin sókè kí ẹni tó wà lókèèrè lè rí i. "Ẹ̀yin ará Oǹdó, ẹ lọ gbé ìgbín kọ́ ẹ́ńjìnnì lọ́rùn nítorí àpò mẹ́rin. Gíà mi gba ogójì. A ti parí."

Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin kan ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ìbídùnní lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọ̀rẹ́ Agnes ni, ará Òkìtìpupa, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan nínú ìlú. Agnes ló ní kó wá wo ọkọ̀ náà. Ó kúnlẹ̀ kí Jethro, ó sì fa géèjì kan yọ nínú báàgì rẹ̀, irú èyí tí àwọn fọ́kánáísà fi ń wo afẹ́fẹ́ táyà, ó ti so rọ́bà gígùn kan mọ́ ọn. Jethro wò ó bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó wí, "ẹ jẹ́ kí n fi èyí sí ọ̀pá tí tọ́bò fi ń ti afẹ́fẹ́ wọlé."

"Táyà ló fẹ́ fún ni?"

Bísọ́dún fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú Agnes, ó gbé e mì.

"Rárá o, sà. Èéfín ló ń yí tọ́bò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, èéfín kò pọ̀ tó, tọ́bò á máa sùn ni. Bí ẹ ṣe ń fà á gòkè yìí, oorun rẹ̀ lẹ wọ̀n. Tó bá sáré lójú ọ̀nà gbọọrọ ni yóò tó jí, ìgbà yẹn lagbára rẹ̀ máa jáde."

"Ọmọ Òkìtìpupa," Jethro wí, ó rọra ń sọ̀rọ̀ kí gbogbo wọn lè gbọ́ dáadáa, "ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa ọkọ̀ ojú omi, ta ló kọ́ yín ní òkè?"

Ìbídùnní bẹ̀rẹ̀ sí í tú rọ́bà géèjì rẹ̀. Agnes ní kí wọ́n jẹ́ kó gbìyànjú. Wọ́n fi géèjì sí i, Bísọ́dún wa ọkọ̀ náà lójú ọ̀nà tó tẹ́jú níwájú, ó tẹ iná mọ́ ọn. Jethro dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ká apá mọ́ àyà. Ọkọ̀ náà kọjá lára rẹ̀, tọ́bò ń súfèé, ó sì gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì náà nísàlẹ̀ súfèé yẹn. Etí Jethro kì í parọ́ fún un. Ohùn tó gbọ́ kì í ṣe ohùn ẹ́ńjìnnì àpò mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.  Ó pòṣé sí i.

Nígbà tí wọ́n padà dé, Ìbídùnní ti kọ iye kan sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Póùn mẹ́rìnlá, sà. Afẹ́fẹ́ ayé tí gbogbo wa ń mí ti tó póùn mẹ́rìnlá ó lé díẹ̀ fúnra rẹ̀. Tọ́bò ti fi mẹ́rìnlá mìíràn lé e. Ẹ́ńjìnnì yìí ń mí èémí méjì lẹ́ẹ̀kan. Tí a bá yọ ohun tí ooru ń jẹ níbẹ̀ kúrò, agbára ìlọ́ rẹ̀ á ṣì fi ìdajì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ náà wúwo ju ọgbọ̀n àpò lọ, ká fi ìdajì tirẹ̀ kún un, ní èdè tiyín, ó ju àpò ọgọ́ta lọ. Gíà eléyín gbòòrò ló lè gbà á."

"Ọgọ́ta!" Jethro yí ká, ó ń wá àpò kiri ẹ̀yìn ọkọ̀. "Níbo ló wà? Èmi rí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ojú mi ni mo fi rí i. Báírò ni ìwọ fi rí tìrẹ. Ìyá Kòkó, ẹ yan èyí tó wù yín, ẹni tó ń gbowó oṣù níbi tí kò ti dọ̀tí, àbí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú yìí." Ó na ọwọ́ síta. Ọwọ́ náà dúdú lóòótọ́.

Agnes wo ọmọbìnrin náà, ó wo àgbàlagbà náà. Ilẹ̀ Yorùbá la wà, ẹ mọ ẹni tó yàn. Ṣùgbọ́n ó ní, "Ṣé ẹ dúró fún un, Bàbá?"

Ẹnu Jethro kò wúwo rí. "Mo dúró fún un," ó wí. "Mo dúró fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá fọ́, kí wọ́n má pè mí lálága mọ́ ní Àkúrẹ́."

Ọjọ́ kejì ni wọ́n ki eléyín tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ọkọ̀. Oṣù kẹwàá lọ, ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́. Jethro sọ ìtàn òkè náà kiri gbogbo gáréèjì, ó ń fi ohùn ọmọbìnrin ṣe Ìbídùnní, ó ń kúnlẹ̀, ó ń fa géèjì yọ nínú báàgì tí kò sí níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ó ṣàkíyèsí pé ẹ̀rín àwọn oníṣẹ́ gíà kò jinlẹ̀ tó, ó ní ìlara ni. Lọ́sàn-án ó ń ṣe eré yìí fún wọn. Tó bá dá wà nínú ṣọ́ọ̀bù, tí ọkọ̀ kan bá kọjá pẹ̀lú súfèé, ọwọ́ rẹ̀ á dúró lórí iṣẹ́ títí súfèé náà á fi kú lọ́nà ọ̀hún.

Ní kùtùkùtù Sátidé kejì nínú oṣù kọkànlá, Agnes pè é lórí fóònù. Kò kí i. "Ọkọ̀ ti dùbúlẹ̀ ní Ọ̀wẹnà," ó wí, ó sì pa fóònù.

Ọ̀wẹnà wà láàárín Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Nígbà tí Jethro débẹ̀, ó bá ọkọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tòun ti ẹrù kòkó, Agnes dúró tì í pẹ̀lú gèlè tó ti tú, Ìbídùnní sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí òun náà ni Agnes pè. Bísọ́dún jókòó sórí òkúta. Ẹni ogójì ọdún ni, èèyàn jẹ́jẹ́, kò gbé ohùn sókè sí ẹnikẹ́ni rí.

"Ojú ọ̀nà ṣófo, Bàbá," Bísọ́dún wí. "Mo wà ní gíà kẹrin. Mo kàn tẹ̀ ẹ́ kí n lè gun àfonífojì yẹn jáde, tọ́bò súfèé, mo gbọ́ gbàmù. Látìgbà náà ni kò ti wọ gíà kankan mọ́."

Jethro wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó tú gíábọ́ọ̀sì náà sílẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ṣí i. Ọ́ìlì dúdú ṣàn sínú abọ́, eyín gíà sì ń dún nínú rẹ̀ bí òkúta wẹ́wẹ́. Ó fa gíà kẹrin jáde. Ìdajì rẹ̀ ti di pẹ̀lẹ́bẹ̀. Ó mọ ohun tó ń wò. Bí awakọ̀ bá fi agídí ki gíà, ẹnu eyín ló máa ń ṣá, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé eku jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ pé agbára ìlọ́ ló borí gíà, láti ìdí ni eyín máa ń ká, lẹ́ẹ̀kan náà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ìdajì Àkúrẹ́ ní ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn eyín inú abọ́ náà, láti ìdí ni gbogbo wọn ti ká.

Ó gbórí sókè. Ó rí oríta Arákálẹ̀ lójú inú rẹ̀, ó rí títì tó gùn, ó rí ẹnu gbogbo èèyàn tó ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ogún ọdún, gbogbo wọn ló là.

"Dírẹ́bà ló fọ́ ọ," ó wí.

Ẹ wo ẹ̀dá! Ọkùnrin ọdún méjìlélọ́gọ́ta, pẹ̀lú ewú lórí, ó gbé ẹrù tirẹ̀ lé ẹni tí kò ní alága, tí kò ní ẹgbẹ́, tí kò ní nǹkan kan ju ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ lọ. Èmi kò rí ohun tó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ti gbé láàárín mẹkáníìkì pẹ́.

Agnes yíjú sí Bísọ́dún. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń wakọ̀ fún un. "Bísọ́dún, gbé kọ́kọ́rọ́ wá."

Bísọ́dún dìde. Ó wo Jethro fún ìṣẹ́jú kan, kò sí ìbínú kankan lójú rẹ̀, ó kàn dà bí ẹni tó ń ṣírò ara rẹ̀ wò. "Bí Bàbá bá ti ní èmi ni, èmi náà ni, mà," ó wí. "Wọ́n mọ̀ ju èmi lọ." Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé Agnes lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá fìlà rẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ìbídùnní kò bínú, kò sì pariwo. Ó ki ọwọ́ bọ inú ọ́ìlì, ó mú eyín kan jáde, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ níwájú Jethro lórí iyẹ̀pẹ̀, ó sì fi eyín náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó wí, "lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi nípa eyín gíà. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù. Eyín tí awakọ̀ bá fọ́, báwo ló ṣe máa ń rí?"

Ó béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ká ní ó bú u ni, Jethro ì bá rí èsì fọ̀. Ọ̀wọ̀ yẹn kò fún un láyè láti bọ́ sí ibì kankan. Ìbéèrè nípa iṣẹ́ ni, kò sì tíì purọ́ nípa iṣẹ́ rí fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ. Ìgbéraga rẹ̀ gan-an ni kò jẹ́ kó lè ṣe é.

"Ẹnu rẹ̀ ló máa ń ṣá," ó wí.

"Èyí ńkọ́, sà?"

 Mọ́tò méjì kọjá. "Láti ìdí ni," ó wí. "Agbára ẹ́ńjìnnì ló ká a. Gíà náà kéré sí i."

 Agnes lọ bá Bísọ́dún níbi tó ti ń wá fìlà, ó ki kọ́kọ́rọ́ padà sínú àpò ẹ̀wù awakọ̀ náà, ó sì rọra gbá a lẹ́yìn. Jethro ṣì kúnlẹ̀ ti abọ́ ọ́ìlì, kò sí ẹni tó ní kó dìde.

Ó rìn lọ́jọ́ náà gan-an. Kí a má fi tirẹ̀ dù ú, kò dúró kí ẹnikẹ́ni rán òun létí òfin. Nígbà tí aago méjì ọ̀sán lù, ó sọ̀ kalẹ̀ ní oríta Arákálẹ̀, ó gbé gíà tó fọ́ náà lọ́wọ́ méjèèjì síwájú àyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó ti múra sílẹ̀ fún ẹ̀rín. Ó ti pinnu ojú tí yóò fi wo ẹni tó bá kọ́kọ́ pariwo, ó ti pinnu èyí tí yóò fi wo Adépọ̀jù. Orí rẹ̀ ga, ọrùn rẹ̀ le, ọ́ìlì ń kán sí ṣòkòtò rẹ̀.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń tajà ń tajà. Obìnrin kan ní kó yà fún ọ̀kadà tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin tó ń fi ọmọlanke ra irin àlòkù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wo ohun tó gbé dání, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ń tà á? Kílò mélòó ni?" Jethro ń rìn lọ. Ọkùnrin náà tẹ̀ lé e díẹ̀, ó ń dárúkọ iye tí yóò san, kó tó wá pòṣé tó sì yà sí ojúlé mìíràn.

Ó dé gáréèjì. Gbogbo àwọn oníṣẹ́ gíà ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni kan wà lábẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló hàn. Àwọn méjì ń fa kílọ́ọ̀ṣì jáde. Lára ògiri ṣọ́ọ̀bù Adépọ̀jù, níbi tí Jethro kì í wò rárá torí ta ni Onírìn tí òun ó fi máa wo ògiri rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì funfun kún ibẹ̀ láti òkè délẹ̀. Póùn mẹ́wàá. Póùn méjìlá. Póùn mẹ́rìnlá. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, irú gíábọ́ọ̀sì tó lè gbà á. Ọwọ́ tíṣà ni wọ́n fi kọ àwọn kan, ó tò létòlétò. Àwọn ìyókù jẹ́ ọwọ́ àwọn ọkùnrin tó wà nínú gáréèjì náà, ìlà wọn wọ́, èyí tó pẹ́ jù níbẹ̀ sì ti ń parẹ́.

"Ìgbà wo lẹ ti ń ṣe èyí?" Jethro béèrè. 

Adépọ̀jù gbórí yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan. Kò sí yẹ̀yẹ́ lójú rẹ̀. Ì bá sàn kó wà níbẹ̀.

"Ó ti tó ọdún méjì, Bàbá. Lọ́jọ́ Sátidé tẹ́ ẹ bá ti lọ sórí òkè ni Ìbídùnní, tíṣà yẹn, máa ń wá. Gbogbo ọkọ̀ tó bá ní tọ́bò, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti wọ̀n ọ́n tán, a máa ń tún un wọ̀n, a ó sì pààrọ̀ gíà rẹ̀ tó bá kéré. Àwa la ní kó má sọ fún yín. A ní kó má baà dùn yín, ẹ ti dàgbà." Ó fi aṣọ nu ọwọ́. "Ti Ìyá Kòkó nìkan lẹ bá tíṣà jiyàn lé lórí lójú gbogbo ayé, ló jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ gbé ìyẹn síbẹ̀, Bàbá. Gíà eléyín gbòòrò ti wà ní fífọ̀ látọjọ́ tẹ́ ẹ ti dúró fún tiyín, a ti gé irin tí yóò fi jókòó lábẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀ pàápàá. Ó kù kí tiyín fọ́ ni."

Ó tún tẹrí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Jethro wá ibi tí yóò gbé gíà náà sí. Kò sí ẹni tó gbójú sókè.